Ọmọ Tí Ìwé Kò Dárúkọ Rẹ̀

Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó fún orúnkún mi lágbára láti gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Mo kí Pásítọ̀ wa. Mo kí ẹ̀yin ìyá, mo kí ẹ̀yin bàbá. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jókòó lápá òsì níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀, torí náà ẹ fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ìyá yín àgbà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ni. Kíláàsì kẹrin ni mo kà dé ní Ìta-Ògbólú kí bàbá mi tó ní kí n wá máa bá wọn ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí mo ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ mú sùúrù fún mi. Pásítọ̀ ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní tí mo bá ń sọ ọ́ látorí, ẹkún ò ní jẹ́ kí n parí ẹ̀, àti pé màá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, àti ìyá wọn, àti ẹni tó fẹ́ ìyá wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí mo bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò kì í gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi wà.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni Màmá Ṣadé. Ọmọ mi Fọláṣadé, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin yìí ní Bíbélì, tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsìkàn, ó ti kú. Ó máa pé ọdún kan lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Màmá Ṣadé. Tí ẹnì kan bá pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ó lè máa tẹ̀ lé mi bọ̀.

Ṣadé fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀, Adùnọlá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni báyìí. Bàbá rẹ̀ ní ilé mìíràn ní Òkìtìpupa; kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn jìnnà sí wa ni. Èmi àti Adùn nìkan ló kù nínú ilé.

Kí n sọ ti ìwé náà, torí àlejò tó wà láàárín wa lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin wa ní ìwé ìfọkànsìn kan, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan: ẹsẹ Bíbélì, ìtàn kékeré nípa ọmọbìnrin kan, ìbéèrè, àdúrà. Ṣadé ló dá a sílẹ̀ nínú ìjọ yìí pé ọmọ kò gbọdọ̀ dá a kà. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ojú nìkan kàwé, ọ̀rọ̀ náà kì í dé ọ̀fun wọn. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìyá tàbí ìyá àgbà kan, kó máa kà á sókè sí i létí ní àràárọ̀. Bí ìyá náà kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ túmọ̀ ẹ̀ fún un. Tí wọ́n bá parí, ìyá á fi bírò kọ “Mo gbọ́” sísàlẹ̀ ojú ewé, á fọwọ́ sí i. Ìyá tí kò bá mọ̀wé kọ, á fa ìlà. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, wọ́n á gba ìwé náà wò, ọmọ tí “Mo gbọ́” tirẹ̀ bá pé, wọ́n á fún un ní Bíbélì tuntun.

Nígbà tí Ṣadé wà láyé, òun ni Adùn ń kà á fún. Lẹ́yìn tó lọ, Adùn kò kà á mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí wọ́n pín ìwé tuntun lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ó gbé e wá bá mi.

Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, nǹkan kan wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sidé ni àìsàn òjijì ká Ṣadé mọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló rí i. Ó ní ó fi ọwọ́ kan di orí mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí, ó ń sọ pé, “Gbé e, gbé e.” Ẹni tó ń pè kò gbé e. Ìyá Bọ́sẹ̀ sáré lọ wá ọkọ̀. Nígbà tó fi máa padà dé, fóònù ti já bọ́ lọ́wọ́ Ṣadé, gíláàsì fóònù náà ti fọ́, kò sì tàn mọ́ títí dòní, nítorí náà a ò mọ ẹni tó ń pè. Kí wọ́n tó gbé ọmọ mi dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́ lára ẹ̀.

Ìbànújẹ́ máa ń wá ibi tó máa jókòó sí. Tèmi jókòó sórí ẹni tí kò gbé fóònù. Lọ́kàn mi, mo ti gbà pé bàbá Adùn ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá kí mi, kó tó rí àga jókòó, mo ti bẹ̀rẹ̀. Màá ní, “Ẹnì kan wà tí ọmọ mi pè tí kò dá a lóhùn. Ẹni náà, òun náà máa pe ènìyàn, ènìyàn ò ní dá a lóhùn.” Mo sọ ọ́ lójú Ìyá Bọ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú Màmá Olúfúnkẹ́ tó wá láti Oǹdó. Mo sọ ọ́ lójú Pásítọ̀, tí wọ́n ní, Màmá, ẹ rọra. Nọ́ọ̀sì Adébọ́lá tó jókòó níwájú yẹn fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní iṣan ló bẹ́ nínú orí Ṣadé, pé bí ẹni náà bá tiẹ̀ gbé fóònù lójú ẹsẹ̀, kò sí ohun tí ì bá lè ṣe. Mo ti ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Tí kò bá sẹ́ni tó jẹ̀bi, ta ni mo fẹ́ máa bínú sí?

Ẹni tó ń gbé omi fún àwọn àlejò ní gbogbo ìgbà yẹn, Adùn ni.

Ó dáa. A bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Àárọ̀ la máa ń kà á, tó bá ti gbálẹ̀ tán, èmi lórí àga, òun lórí àpótí. Á ka Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kíákíá, á wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ó ń kà á bí tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Bó ṣe dà nìyẹn látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti lọ: ohùn ẹ̀ wà nílé, òun fúnra ẹ̀ kò sí nílé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ka Gẹ̀ẹ́sì tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan wà tí ìyá ẹ̀ kú, tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Ó ní ọmọ náà máa ń lọ sẹ́yìn balùwẹ̀ lọ sunkún kí ìyá àgbà ẹ̀ má baà gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní ìwé yìí mọ ibi tó ń dun ènìyàn o. Mo kọ “Mo gbọ́”, mo fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ọmọ náà tún wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ kọkànlá náà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe kọ ti ọ̀tẹ̀ yìí nìyẹn, pé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá di pé mò ń retí kílẹ̀ mọ́. Àmọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú.

“Kí lorúkọ ọmọ yìí gan-an?”

“Ìwé ò sọ ọ́, Màmá.”

“Ìwé wo ló ń sọ̀rọ̀ ènìyàn láìdárúkọ ẹ̀? Ọmọ ta ni? Ará ibo ni?”

“Màmá, àbí ẹ fẹ́ lọ kí wọn nílé ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Inú mi dùn, mo fi ọ̀rọ̀ orúkọ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Ó ka Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀. Ó ní ọmọ náà àti ìyá ẹ̀ ti jà láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá kú. Ilé ìwé fẹ́ kó wọn lọ síbì kan, ìyá ní rárá, kó wá bá òun níbi iṣẹ́ tó bá ti jáde nílé ìwé. Ọmọ náà bínú, kò lọ. Nírọ̀lẹ́, fóònù ẹ̀ dún. Ó rí i pé ìyá òun ni. Ó dojú fóònù délẹ̀. Ó tún dún. Ó pa á. Nígbà tó fi máa tàn án padà, ìyá ẹ̀ ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo ara yín, ẹ ní ṣé Màmá yìí ò gbọ́n ni. Mi ò gbọ́n lóòótọ́. Ìwé ni mo rò pé ó ń sọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ka kíláàsì mẹ́rin, ohun tó bá ti jáde látinú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Kò lè jẹ́ inú yàrá mi ló ti wá.

Mo ní, “Ọmọ yẹn àti bàbá rẹ, ẹgbẹ́ ni wọ́n.”

Adùn kò gbójú sókè. Ó ní, “Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá àgbà ẹ̀ ńkọ́, Màmá?”

“Èmi? Mi ò lè jẹun nínú àwo tó bá fọ̀.”

Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, mo kọ “Mo gbọ́”, mo fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, Adùn kò fọ àwo mi mọ́. Á fọ tirẹ̀, á fọ ìkòkò, á gbá ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ á gbé àwo tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa bó ṣe wà. Mo rò pé ọ̀lẹ ti ń wọ̀ ọ́ lára. Mo bá a wí. Mo bi í pé ṣé àwo tèmi ló wúwo jù ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fọ àwo mi fúnra mi, tí mò ń kùn.

Ìtàn inú ìwé náà wá ń burú sí i. Ó ní ọmọ náà kì í lè sùn mọ́. Ó ní ó pàdé obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń dirun, tó sọ fún un pé òun máa ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ orúkọ wọn. Mo ní irọ́ ni, kí ọmọ yẹn sá fún un, títà ni wọ́n máa tà á.

Adùn ní, “Bóyá ó wù ú kí ẹnikẹ́ni má mọ orúkọ òun mọ́, Màmá.”

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n bọ́ sí Sátidé. Mo fẹ́ lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ náà, torí Màmá Olúfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ń ṣe ìdúpẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kán tó sì ti jinná. Adùn ní òun ní lẹ́sìnnì, òun ò ní lè bá mi lọ. Mò ń wé gèlè lọ́wọ́ bó ṣe ń kàwé. Ó ní ọmọ náà ti di báàgì ẹ̀. Ó ní ó ń dúró kí ìyá àgbà ẹ̀ jáde nílé. Ibẹ̀ ló ti pa ìwé dé.

Mo ní, “Ṣé ó lọ?”

“Ìwé ò tíì sọ, Màmá. Ó di ọ̀la.”

Etí gèlè ni mò ń wá, mi ò ro ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Mo kàn sọ pé, “Ọmọ yẹn ò ro ti ìyá àgbà yẹn. Ta ló máa máa kàwé fún un?”

Mo kọ “Mo gbọ́”. Mo gbé báàgì mi. Adùn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo rí i pé ó pẹ́. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ní Oǹdó, wọ́n dúpẹ́ tán, a jẹun tán, Mopé, ọmọ ọmọ Màmá Olúfúnkẹ́, gbé ìwé ìfọkànsìn tirẹ̀ jáde pé òun ò tíì ka toní fún ìyá àgbà òun. Ìwé kan náà ni, èèpo ẹ̀yìn kan náà; àṣà tí Ṣadé dá sílẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn náà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fọ́ńté. Mo ní èmi ti gbọ́ toní o, ibi tí ọmọ yẹn ti di báàgì. Mopé wo ìwé ẹ̀. Ó ní, “Màmá, Rúùtù ni toní. Ó ń ṣa ọkà.”

Mo ní kó ṣí ọjọ́ kẹrìnlá, ọmọ tó pa fóònù. Ó ṣí i. Ó ní òfófó ni wọ́n sọ níbẹ̀, pé kí ènìyàn má ṣe òfófó. Màmá Olúfúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá Ṣadé, àbí ayédèrú ni wọ́n ń tà fún yín l'Ákùúrẹ́?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Mopé ṣí ọjọ́ kẹsàn-án, kó wo ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn balùwẹ̀.

Ó wá a títí. Ó ní, “Màmá, kò síbẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, inú pálọ̀ Màmá Olúfúnkẹ́ ni mo ti mọ orúkọ ọmọ tí ìwé kò dárúkọ ẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ wọlé sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sidé. Ife omi tó ń gbé fún àlejò nígbà tí mò ń ṣépè. Àwo tí kò fọ̀ mọ́, tí mo rò pé ọ̀lẹ ni, àṣé ìdájọ́ tí mo dá fún un ló ń pa mọ́. Àti ti àárọ̀ yẹn: ó ń dúró kí ìyá àgbà ẹ̀ jáde nílé. Mo sì ti jáde.

Mo ní kí Mopé bá mi pe Adùn. Fóònù náà dún, ó dún, ó dákẹ́. A tún pè é. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Gbé e. Gbé e, gbé e.” Mo ti sọ pé ẹnì kan máa pe ènìyàn, ènìyàn ò ní dá a lóhùn. Èmi rèé tí mò ń pè.

Ní gáréèjì, ènìyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́. Awakọ̀ náà, Múfútàù lorúkọ ẹ̀, ó ṣì ń dúró kó kún. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ń lọ, mo fẹ́ bá a nílé. Kò bi mí pé lọ síbo. Ó wo ojú mi, ó ní, “Ìyá, ẹ wọlé,” ó sì gbéra. Mùsùlùmí ni. Kí Ọlọ́run máa ṣíwájú ọkọ̀ ẹ̀ níbikíbi tó bá wà lónìí.

Mo fẹ́ gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ohun tó wá ni orúkọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: Olúwa, mo sọ ọ́ lójú Ìyá Bọ́sẹ̀, mo gbà á padà. Mo sọ ọ́ lójú Màmá Olúfúnkẹ́, mo gbà á padà. Mo sọ ọ́ lójú Pásítọ̀, lójú Nọ́ọ̀sì Adébọ́lá, mo gbà á padà. Gbogbo ẹni tó jókòó sínú ilé mi nígbà ọ̀fọ̀, mo ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fo ẹnì kankan. Ìgbàkígbà tí mo bá ní mo gbà á padà, Múfútàù á ní “Àmín” láìbojú wẹ̀yìn. A dé Àkúrẹ́, orúkọ kò tíì tán.

Ilé tì pa. Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tá a máa ń fi sí. Báàgì ẹ̀ kò sí níbi ìkọ́. Ìwé ìfọkànsìn wà lórí tábìlì, fóònù ẹ̀ wà lórí ìwé náà. Ó fi í sílẹ̀. Gbogbo ìpè tí mo pè, orí tábìlì yẹn ló ti ń dún.

Mo ké sí Ìyá Bọ́sẹ̀ tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Òun ló sáré lọ sọ fún Pásítọ̀, tí àwọn arákùnrin fi pín ara wọn sí àwọn gáréèjì. Èmi ò lè rìn mọ́. Mo kúnlẹ̀ ti àga mi. Láti kékeré ni mo ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ mi ò béèrè ohun tó kéré tó ti ọjọ́ yẹn rí. Mo ní, Olúwa, kó ṣáà gbọ́ pé mò ń pè é.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìlẹ̀kùn dún. Adùn ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Báàgì wà léjìká ẹ̀, ẹrùpẹ̀ ti bo sálúbàtà ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wálé.

“Màmá, ẹ ti dé.”

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni mo ti tò sílẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Kò sí èyí tó jáde nínú wọn. Mo ní, “Wọ ulé, ọmọ mi,” bí ìyá tèmi ṣe máa ń sọ ọ́ ní Ìta-Ògbólú. Ó wọlé. Mo tọ́ka sí orí tábìlì.

“Mú ìwé ẹ. Ka tọ̀la fún mi.”

Ó wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó jókòó sórí àpótí ẹ̀, ó ṣí ìwé, kò tiẹ̀ ka Gẹ̀ẹ́sì kankan.

“Ó ní ọmọ náà dé gáréèjì. Ó ní ó jókòó sínú ọkọ̀, obìnrin yẹn ń dúró de àwọn yòókù. Ó ní kò rí nǹkan mìíràn rò, àfi pé ta ló máa máa kàwé fún ìyá àgbà òun. Ó sọ fún obìnrin náà pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó gbé báàgì ẹ̀, kò padà síbẹ̀ mọ́.”

“Ìyá àgbà ẹ̀ ńkọ́? Kí ni ìwé sọ nípa tiẹ̀?”

“Ìwé ò sọ ọ́.”

“Gbé e wá. Èmi ni màá ka ìyẹn.”

Mo gba ìwé Gẹ̀ẹ́sì, èmi tí mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fìka sórí ìlà àkọ́kọ́. Mo ní, “Ó ní ìyá àgbà náà ṣépè fún ẹni tí kò mọ̀, kò mọ̀ pé inú ilé òun ni ẹni náà ń sùn. Ó ní ó ti gbà á padà láti Oǹdó dé Àkúrẹ́. Ó ní iṣan ló bẹ́ nínú orí ọmọ ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló pa á.”

“Màmá, ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó sọ ọ́. Ibi tí mo fìka sí gan-an nìyí.”

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Kì í ṣe ẹ̀yìn balùwẹ̀. Orí itan mi ni. Ó ní òun rí orúkọ ìyá òun lójú fóònù, òun sì dojú ẹ̀ délẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún un sọ. Mo tún ní mo ti gbọ́. Iye ìgbà tó sọ ọ́, mi ò kà á.

Nígbà tó dákẹ́, mo lọ sẹ́yìn, mo gbé àwo mi tó dọ̀tí láti àárọ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Bá mi fọ̀ ọ́.” Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo bu oúnjẹ sínú ẹ̀, èmi àti òun jọ jẹ ẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín nínú ilé Ọlọ́run pé gbogbo ẹ̀ ti tán. Àárọ̀ mìíràn wà tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, tí a kàn jọ máa ń jókòó. Nọ́ọ̀sì Adébọ́lá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì ọwọ́ ẹ̀ tí mo tì. Pásítọ̀ ti mú ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó yẹ, kò sì dé ibi ìdirun náà mọ́. Mo pe bàbá Adùn ní Òkìtìpupa láti bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fóònù ẹ̀ dún tó gbé e.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má fi ojú nìkan ka ìwé yín. Tí ìtàn inú ẹ̀ bá wá di tiyín, ẹ wá ẹnì kan sọ ọ́ fún. Bí ẹnu yín kò bá gbé e, ẹ fi ìtàn bò ó bí ti Adùn, ẹ ṣáà sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá, tí ọmọ bá ń kàwé fún yín, ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bírò ò ní sá lọ.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Sístà Yétúndé tó ń gba ìwé, tí a ti sọ gbogbo ẹ̀ fún, ní Adùn kò ní lè gba Bíbélì, torí láti ọjọ́ kẹsàn-án dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, kò túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó tọ̀nà. Òfin Ṣadé ni. Mo gba ìwé náà padà, Adùn sì jókòó, ó ka ogún ojú ewé yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, Rúùtù, òfófó, gbogbo ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo kọ “Mo gbọ́” kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, ọwọ́ lásán ló kọ ọ́.

Adùn ló bá mi tún ìwé tí mò ń kà yìí tò. Mo bi í ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bóyá kí n sọ ọ́ ní gbangba. Ó ní gbangba ni mo ti ṣépè náà, gbangba ni kí n ti tú u. Òun ló wà ní ìjókòó kejì yẹn, tó wọ búlúù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọrin fún mi. Mo ti fi ẹnu mi sọ pé ẹni náà yóò pe ènìyàn, ènìyàn ò ní dáhùn. Ọlọ́run tó gbọ́ ohùn mi lójú ọ̀nà Oǹdó ti yí i padà, ògo ni fún un. Ẹ dìde, gbogbo yín. Ẹ bá mi pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Adùnọlá, kẹ́ ẹ pè é sókè. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tó dáhùn, ẹ wá bá mi yọ̀.